Ta Ni Yóò Tún Orí Àgbà Ṣe?



Gbogbo wa ni a mọ òwe tí ó wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ìyá bá pọn ọmọ rẹ̀, tí oorun gbé ọmọ náà lọ, tí orí rẹ̀ sì ń ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan, àgbà tí ó wà nítòsí yóò ké sí ìyá náà, tàbí kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé orí ọmọ náà padà sí ipò. Òwe náà tọ́, ó sì yẹ àgbà. Ṣùgbọ́n ó ku ìbéèrè kan tí a kì í sábà bi í: bí ó bá ṣe orí àgbà fúnra rẹ̀ ni ó wọ́, ta ni yóò bá a tún un ṣe? Bí ẹnìkan bá sì fẹ́ tún un ṣe, ǹjẹ́ àgbà náà yóò gbà pé orí òun wọ́?

Orí ẹṣin ni ìbéèrè yìí ti bá mi. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín sí mi kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú sọ fún mi pé òun fẹ́ kọ́ bí a ti ń gun ẹṣin kí òun tó pé ọmọ 60 ọdún. Ẹ mọ Ojúde Ọba, àjọ̀dún tí a ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá, níbi tí àwọn ìdílé Balógun ti ń gun ẹṣin tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kọjá pẹ̀lú ìlù àti orin. Láti kékeré ni ọ̀rẹ́ mi ti ń wo àwọn àgbà ilé wọn lórí ẹṣin, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oṣù àti owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kò jẹ́ kí òun náà kọ́ ọ. Ó wá rí olùkọ́ kan ní ẹ̀yìn Èkó, níbi tí ẹṣin kò ti ṣọ̀wọ́n, nítorí láti 1904 ni ẹgbẹ́ eré pólò ti wà níbẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ, kí ìtìjú má bàa pọ̀ jù fún òun nìkan. Mo bá a lọ. Nígbà tí a débẹ̀, olùkọ́ náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní kí èmi náà gùn.

Àwa tí a ń gbé Kọ́bapẹ́ yìí àti káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá kì í ṣe ẹlẹ́ṣin láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Pápá ni ẹṣin fẹ́. Ọ̀yọ́-Ilé wà ní pápá. Ó ń ra ẹṣin lọ́wọ́ àwọn ará òkè lọ́hùn-ún, àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ sì jẹ́ agbára ńlá fún un lójú ogun. Ṣùgbọ́n igbó kò gba ẹṣin. Igi kò jẹ́ kí ó sáré, eṣinṣin inú igbó tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran a sì máa kó àìsàn tí ń pa á. Nítorí náà, láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ti tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830 lábẹ́ Ṣódẹkẹ́, ohun ọlá ni ẹṣin jẹ́ fún wa ju ohun ìrìnàjò lọ. Títí di òní, bí a bá rí ẹni tí ó gun ẹṣin níbi ìwúyè tàbí níbi òkú àgbà, a sábà máa ń rí àwọn ọmọkùnrin tí ó di ìjánu mú lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tí ó wà lókè ń kí àwọn ènìyàn. Àwọn ọmọ tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó mọ ọ̀nà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí. Ṣùgbọ́n kí a gbé ènìyàn gun ẹṣin jẹ́ ohun kan. Kí ó kọ́ bí a ti ń gùn ún jẹ́ ohun mìíràn.

Olùkọ́ wa jẹ́ ọmọ Hausa, kò sì lè ju ọmọ 25 ọdún lọ. Ó fi akoto dé wa lórí. Ó so okùn gígùn kan mọ́ ẹṣin, ó dúró ní àárín pápá, ó sì mú kí ẹṣin máa yí òun po. Lẹ́yìn èyí ni ó gba ìjánu kúrò lọ́wọ́ mi, ó sì ní kí n yọ ẹsẹ̀ mi kúrò nínú irin tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lára gàárì. Mo bi í pé kí ni n ó wá dì mú. Ó ní, “Ẹ má di nǹkan kan mú, Fádà. Ẹ jókòó.” Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe àṣà tuntun. Ní ilé ẹ̀kọ́ ẹṣin tí ó wà ní Vienna ní ilẹ̀ Austria, tí ó ti lé ní 400 ọdún, báyìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jókòó lórí ẹṣin fún ìgbà pípẹ́, láìsí ìjánu, láìsí irin ìtẹsẹ̀, kí a tó fi ẹṣin lé wọn lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n jókòó yóò fi ìjánu ṣe ọ̀pá ìdìmú. Yóò máa rọ̀ mọ́ ẹnu ẹṣin nígbàkúùgbà tí ẹ̀rù bá bà á, ẹnu ẹṣin ni yóò sì jìyà ẹ̀rù náà.

Ó wá sọ fún wa bí ìjókòó ti yẹ kí ó rí. Bí a bá ta okùn láti òkè wá sí ilẹ̀, kí etí, èjìká, ìbàdí àti gìgísẹ̀ wà lójú okùn kan náà. Kí ojú máa wo iwájú láàárín etí ẹṣin méjèèjì, kí ó má ṣe wo ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí obìnrin tí ó ru igbá kì í ti í wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kí orúnkún má ṣe fún ẹṣin pinpin, nítorí bí orúnkún bá ti fún un tó ni yóò máa ti ènìyàn sókè kúrò lórí gàárì tó. Kí ìwúwo ara pín dọ́gba sí apá méjèèjì. Xenophon, ọmọ ogun Gíríìkì kan tí ó kọ ìwé lórí ẹṣin ní ohun tí ó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, ti kọ́ni pé ìjókòó orí ẹṣin kò dà bí ti orí àga. Ó dà bí ti ẹni tí ó dúró, tí ó ya ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ẹṣin bá pòórá lójijì lábẹ́ wa, ó yẹ kí a bá ara wa lórí ìdúró nílẹ̀.

Mo rò pé mo ń ṣe gbogbo èyí. Ṣé láti sẹ́mínárì ni a ti kọ́ wa láti dúró ṣánṣán níwájú pẹpẹ. Nígbà tí ẹṣin yí po lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ náà ní, “Fádà, ẹ má bínú, ẹ ti tẹ̀ sí apá ọ̀tún.” Mo ní, “Rárá o, ọmọ mi, mo dúró ṣánṣán.” Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó tún sọ ọ́. Mo tún fún un ní èsì kan náà, ohùn mi kò sì rọ̀ mọ́. Ó dá ẹṣin dúró, ó bọ́ sí ẹ̀yìn mi, ó fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán mi, ó sì gbé e wá fún mi láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀yin ará, èjìká mi ọ̀tún ti lọ sílẹ̀, orí mi tẹ̀lé e, gàárì pàápàá ti tẹ̀lé mi. Mo dà bí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó fẹ́ wó.

Ó fi ọwọ́ kan èjìká mi, ó fi ìkejì kan orúnkún mi, ó sì gbé mi sí ipò tí ó tọ́. Ohun ìyanu tí ó mú mi kọ ìwé yìí nìyí: bí ó ti gbé mi sí ipò tí ó tọ́ báyìí, gbogbo ara mi kígbe pé mo ń ṣubú sí apá òsì. Mo di gọ̀gọ̀ ẹṣin mú. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí, Fádà. Ibi tí ẹ rò pé ẹ ti ń ṣubú yẹn gan-an ni àárín.”

Mo ti rò ó láti ọjọ́ náà. Ara ènìyàn ka ohunkóhun tí ó bá ti mọ́ ọn lára sí títọ́. Bí mo bá ti ń fi èjìká kan ṣoṣo gbé àpò fún 30 ọdún, tí mo sì ń fi ìgúnpá ọ̀tún ti tábìlì nígbà tí mo ń kọ̀wé, wíwọ́ ni yóò di ṣánṣán lójú ara mi. Ara mi kò purọ́ fún mi. Ohun tí àṣà kọ́ ọ ni ó ń sọ. Nítorí náà ni ẹni tí ó ti dàgbà kò fi lè fi ìmọ̀lára ara rẹ̀ nìkan tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Ó nílò ojú ẹlòmíràn. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́: ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni.

Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ ara nìkan ni èyí? A máa ń gbọ́ kí àwọn ènìyàn sọ pé, “Ọkàn mi mọ́. Ẹ̀rí ọkàn mi kò dá mi lẹ́bi.” Ó dára. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀rí ọkàn tí kò dáni lẹ́bi tó láti fi mọ̀ pé a dúró ṣánṣán? Tómásì Mímọ́ ti Aquino, tí ó kú ní 1274, gbé ìbéèrè yìí yẹ̀wò dáadáa. Ó kọ́ni pé ènìyàn kò gbọdọ̀ lòdì sí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún kọ́ni pé bí ẹ̀rí ọkàn bá ṣìnà nítorí pé ẹni náà kò bìkítà láti kọ́ ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀, àṣìṣe náà kò lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀bi. Ó ju 1,500 ọdún ṣáájú rẹ̀ lọ tí Aristotle, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì, ti sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́ ara rẹ̀ ní láti fa ara rẹ̀ sí òdìkejì ibi tí ó tẹ̀ sí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe igi tí ó wọ́. Kò sí bí èyí kò ṣe ní í rí bí ìṣubú lójú ẹni náà. Ahun tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni níwọ̀nba yóò rò pé òun ti di àpà. Ẹni tí ó ń jẹ gàba lórí ilé rẹ̀, bí ó bá bi aya rẹ̀ ní ìmọ̀ràn lẹ́ẹ̀kan, yóò rò pé òun ti di ẹrú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ìjọ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ń tẹ dùùrù fún wa. Bí ó bá ṣi ohùn kan tẹ̀, níwájú gbogbo akọrin ni mo ti ń bá a wí. Òtítọ́ ni mo pe èyí. Mo máa ń yangàn pé èmi kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Màmá àgbà kan tí ń gbá ilé ìsìn sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, “Fádà, ohùn yín ti le jù fún ọmọ yẹn.” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Màmá, ẹ̀yin kò mọ orin.” Ní ọjọ́ Àìkú kan, a dé ilé ìsìn, a bá dùùrù ní títì. Ọmọ náà kò wá mọ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo ń yẹ ọkàn mi wò ní alaalẹ́, n kò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ kan níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọkàn mi mọ́. Ó mọ́ gẹ́gẹ́ bí ara mi ti tọ́ lórí ẹṣin.

Olùkọ́ wa tún fi ohun kan hàn wá kí a tó lọ. Ó gbé gàárì kúrò lẹ́yìn ẹṣin mìíràn, ó sì ní kí a wò ó. Ní apá kan, irun ti re, awọ ti bó. Ó ní ẹni tí ń gùn ún tẹ̀láti máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni náà kò mọ̀. Ẹṣin ni ó mọ̀, ṣùgbọ́n ẹṣin kò lè sọ̀rọ̀; ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní ẹ̀gbẹ́, ó ń tapá, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní ẹṣin alágídí. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ará: ibi tí a bá ti wọ́, ẹlòmíràn ni ó ń ru ìwúwo rẹ̀. Bí gbogbo ọmọ iṣẹ́ tí ó bá wá sọ́dọ̀ ọ̀gá kan bá ń sá lọ kí ọdún tó yí po, ṣé gbogbo wọn ni olè àti ọ̀lẹ? Bí ọmọ kan bá ń dákẹ́ nígbàkúùgbà tí bàbá rẹ̀ bá wọlé, ṣé àgídí ni? Kí a tó pa ẹṣin ní pàṣán, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹnìkan yóò wí pé, “Fádà, àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìrókò ti dàgbà.” Òtítọ́ wà nínú èyí. Ẹ̀rù ń ba àgbà ju ọmọdé lọ; itan àgbà a máa ro ó fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀kọ́ wákàtí kan; bí ó bá sì ṣubú, ọlá rẹ̀ ṣubú pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe igi. Lis Hartel, obìnrin ará Denmark, ti mọ ẹṣin gùn dáadáa kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú un ní 1944 nígbà tí ó lóyún. Láti orúnkún rẹ̀ sílẹ̀ kò sàn mọ́. Ó ní láti tún ìjókòó kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ tí ó fi ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ó fi ìbàdí àti ẹ̀yìn rẹ̀ dípò wọn. Ní 1952, níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Helsinki, níbi tí a ti kọ́kọ́ gbà kí obìnrin bá ọkùnrin díje nínú irú eré ẹṣin náà, ó gba àmì fàdákà, ẹni tí kò lè gun ẹṣin tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́. Ó tún gba fàdákà ní 1956. Ẹ tún rántí Ignatius Mímọ́ ti Loyola. Ọmọ ogun ni, ọmọ ọlọ́lá, tí ọta ìbọn ṣẹ́ ní ẹsẹ̀ ní Pamplona ní 1521. Ní 1524, nígbà tí ó tó ọmọ nǹkan bí 33 ọdún, ó jókòó láàárín àwọn ọmọdé ní Barcelona láti kọ́ èdè Látìn. Ẹ fojú inú wò ó lórí àga kékeré náà.

Ẹlòmíràn yóò béèrè pé, “Ṣé gbogbo ẹni tí ó bá ti bá mi wí ni kí n gbọ́ tirẹ̀?” Rárá o. Ayé kún fún ẹni tí ń wí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ Hausa náà. Èkínní, ó dúró níbi tí èmi kò lè dúró sí, ó sì rí ohun tí ojú mi kò lè rí. Èkejì, okùn ẹṣin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá ṣubú, kò sí èrè kankan fún un níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, ó dárúkọ ibi tí ó wọ́. Ẹni tí ó bá ní, “Ìwọ kò dára,” kò tíì sọ ohun kan. Ẹni tí ó bá ní, “Èjìká rẹ ọ̀tún ni,” ti ràn ọ́ lọ́wọ́. Màmá tí ń gbá ilé ìsìn ní gbogbo àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun kan ṣoṣo ni kò ní, èyí tí í ṣe ipò tí ó lè mú kí n tẹ́tí sí i.

Nítorí náà, mo fẹ́ fi iṣẹ́ kékeré kan rán yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ẹ ti ju 40 ọdún lọ, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olórí ilé, ọ̀gá iṣẹ́, olóyè àti olórí ẹgbẹ́. Ẹ yan ẹnìkan tí ó kéré sí yín, tí ó ń gbé pẹ̀lú yín tàbí tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ yín. Ẹ bi í ní ìkọ̀kọ̀ pé, “Níbo ni mo ti máa ń tẹ̀?” Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ẹ má ṣe dá a lóhùn ní ọjọ́ náà. Bí ẹ bá rí i pé gbogbo ara yín ń kígbe pé irọ́ ni, ẹ rántí pé bẹ́ẹ̀ ni ara mi kígbe lórí ẹṣin nígbà tí a gbé mi sí àárín. Ẹ dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó mọ̀ bóyá ẹ ń ṣubú.

Èmi náà ti padà lọ nígbà mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ mi ti ń jókòó dáadáa nígbà tí ẹṣin bá ń sọ ọ́ sókè sódò. Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún gùn ún, nítorí bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Ní tèmi, mo ṣì ń tẹ̀. Ọmọ náà yóò ní, “Ọ̀tún, Fádà,” èmi yóò sì gbé ara mi wá sí òsì láìjiyàn. Mo ti kọ ìwé sí ẹni tí ń tẹ dùùrù fún wa nígbà náà, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, kò tíì fún mi ní èsì. Ó lè jẹ́ pé ojú ọgbẹ́ náà kò tíì jinná. Ẹ bá mi gbàdúrà fún un.

Àlàáfíà fún ilé yín.

Fádà ìjọ yín.